Àjẹ́ Ké Lánàá, Iná Tàn Lónìí: Kóòdù Èéfín Ọkọ̀ Dísù Lẹ́yìn Sáfíìsì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn awakọ̀ van àti mẹkáníìkì ọmọ Yorùbá sọ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí ẹ ń fi van jẹun ní ìlú yìí, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo mọ̀ pé ìdájí ni ọ̀pọ̀ yín ti jí gbé ẹrù kí ẹ tó wá jókòó síbí, n kò ní fi ìkíni dá yín dúró.

Iná tó máa ń tàn sójú dáṣíbọ́ọ̀dù lẹ́yìn sáfíìsì ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọkọ̀ wọ gáréèjì lọ́jọ́ Ẹtì, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, wọ́n pààrọ̀ fílítà, wọ́n bu AdBlue, omi yúríà tí a fi ń fọ èéfín dísù mọ́, sí i, ẹ sanwó, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, iná ẹ́ńjìnnì ti tàn, ọkọ̀ sì ti ń kọ ọ́ síwájú yín pé máìlì báyìí ló kù tí òun á fi kọ̀ láti sítáàtì. Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ohun tó ń bẹ nínú gbogbo ẹni tó bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá mi nìyẹn, bí kò tilẹ̀ pa òwe náà lẹ́nu. Òwe yẹn dára púpọ̀ láti fi mọ ibi tí ìwádìí ti máa bẹ̀rẹ̀. Láti fi dájọ́ ni kò dára. Ọkọ̀ tí mo ti rí tí ọmọ ti ń ṣàìsàn tipẹ́ kí àjẹ́ tó ké kò lóǹkà.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ohun tí ọkọ̀ ń ṣọ́ ná. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, tí àwọn mẹkáníìkì ilé ń pè ní búréènì bọ́ọ̀sì, ní iṣẹ́ kan tí kò jẹ mọ́ eré sísá rárá: èéfín ló ń ṣọ́. Nínú ọkọ̀ tó bá Euro 6, òfin tó fi ìwọ̀n sí èéfín ọkọ̀, mu, èyí tó di dandan fún gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Yúróòpù ní oṣù Kẹsàn-án 2015, tí àwọn van ńlá sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní 2016, èéfín kì í ṣàdéédé gba sàlẹ́ńsà jáde. EGR á kọ́kọ́ dá díẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì, kí iná tó ń jó níbẹ̀ má baà gbóná jù. Èyí tó kù á gba inú DPF, asẹ́ tó ń dá ẹ̀rún dúdú inú èéfín dúró. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ti ń fín AdBlue sí i kó tó wọ inú SCR, àpótí tó ń fọ gáàsì olóró inú èéfín mọ́. Ooru á sọ AdBlue di amóníà, amóníà á sì sọ NOx, gáàsì olóró tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, di náítrójìn lásán àti omi. Sẹ́ńsọ̀ NOx kan wà níwájú, òmíràn wà lẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà á wo iye tó wọlé, á wo iye tó jáde, á wá wò ó bóyá iṣẹ́ tí SCR ṣe láàárín méjèèjì tó.

Bí ìṣọ́ yìí bá ń rí yín lára, ẹ rántí oṣù Kẹsàn-án 2015 kan náà, nígbà tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, fẹ̀sùn kan Volkswagen pé wọ́n kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dísù wọn tó fi ń mọ̀ bí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ẹ̀rọ àyẹ̀wò, á ṣe bí ọmọlúàbí. Tó bá dé títì, ó di tiẹ̀. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 kárí ayé ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn ọ̀gá ló jẹ gbèsè, awakọ̀ van ló ń bá wọn san èlé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀.

Kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń kọ pamọ́ nígbà tí nǹkan kò bá lọ déédéé, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Mo máa tún un sọ, torí ibẹ̀ ni owó yín ti ń ṣòfò: kóòdù kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà tó bàjẹ́. Ẹ mú P20EE, tí ẹ̀yin tó ń wakọ̀ Euro 6 mọ̀ bí ẹni mọ owó. Ohun tó ń sọ kò ju pé NOx tí SCR ń mú kúrò kò tó iye tí kọ̀ǹpútà ń retí. Kò dárúkọ sẹ́ńsọ̀ kankan. AdBlue tí omi ti bà jẹ́ lè fà á. Imú tó ń fín AdBlue, tí ìyẹ̀fun funfun ti dí, lè fà á. Sàlẹ́ńsà tó ń jò lójú ìsopọ̀ lè fà á. SCR tó ti gbó lè fà á, sẹ́ńsọ̀ NOx fúnra rẹ̀ náà sì lè fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ gáréèjì, bí wọ́n bá ti rí P20EE báyìí, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, torí sẹ́ńsọ̀ rọrùn láti ṣí, ó sì ń mówó wọlé.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì tó ń pa kóòdù rẹ́, ẹ jẹ́ kó kà á tán. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò ojú sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù. Ẹ wo bóyá kóòdù náà ti dúró ṣinṣin tàbí ó ṣì jẹ́ èyí tí kọ̀ǹpútà ń fura sí, tí wọ́n ń pè ní pending. Ẹ wo freeze frame, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe wà ní ìṣẹ́jú tí kóòdù náà wọlé: eré tó ń sá, bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, ẹrù tó wà lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Kóòdù tó wọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, tí ọkọ̀ dúró sójú kan, yàtọ̀ sí èyí tó wọlé lórí títì ńlá M25 ní 60 máìlì láàárín wákàtí. Ẹni tó bá pa á rẹ́ kó tó kà á ti ya ojú ìwé náà sọnù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò, bẹ́ẹ̀ sìkánà olówó pọ́ọ́kú pàápàá lè fi hàn: ìrìn tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa kóòdù rẹ́ kẹ́yìn. Ẹ fi wé máìlì tí wọ́n kọ sínú ìwé sáfíìsì. Bí àárín méjèèjì bá bára mu, a jẹ́ pé ẹnì kan pa kóòdù rẹ́ níbi sáfíìsì yẹn. Ó lè jẹ́ àṣà wọn láti máa pa á fún gbogbo ọkọ̀ tó bá wọlé. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n rí nǹkan tí wọn kò sọ fún yín. Lọ́nà méjèèjì, ẹ ní ìbéèrè láti bi wọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí níbẹ̀ kí ẹ tó pa á?

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé, bí wọ́n bá ti pa kóòdù rẹ́, gbogbo àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Àyẹ̀wò SCR kì í sì í wáyé lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ kí sàlẹ́ńsà gbóná dáadáa, kí ọkọ̀ sì sáré déédéé fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá ń gbé páálí láti ilé dé ilé ní Peckham lè lo odidi ọ̀sẹ̀ kí àyẹ̀wò náà tó ráyè parí. Àárín ìgbà yẹn, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á mọ́, ẹ ó rò pé ara ọkọ̀ ti yá. Bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán lèékánná. Iná tó tàn lọ́jọ́ Ajé lè jẹ́ ti oṣù tó kọjá, tó lọ tó bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọkọ̀ kan. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kó ẹrù láti Dartford wọ àárín ìlú gbé van rẹ̀ wá bá mi, ìwé iye owó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún un níbi tó ti ṣe sáfíìsì pé sẹ́ńsọ̀ NOx méjèèjì ló máa rà. Mo so sìkánà mọ́ ọn. Kóòdù méjì ló jáde, P20EE àti P207F. Èkejì yẹn ni mo tẹjú mọ́, torí bí AdBlue fúnra rẹ̀ ṣe dára sí ló ń sọ. Mo ní, “Bọ̀dá, ta ló bu AdBlue kẹ́yìn?” Ó ní àwọn tó ṣe sáfíìsì náà ni, wọ́n kọ ọ́ síwèé. Mo fi súrínjì fa díẹ̀ jáde láti inú táǹkì, mo kán ẹ̀kán kan sójú refractometer, awò kékeré yẹn tí a fi ń mọ bí omi ṣe ki tó. Mo gbé e sójú, mo kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ìwọ̀n yúríà nínú AdBlue gbọ́dọ̀ jẹ́ 32.5 nínú ọgọ́rùn-ún. ISO 22241, ìlànà àgbáyé fún AdBlue, gbà á láàyè láti 31.8 sí 33.2. Ìlà ti ọkọ̀ yìí kò tilẹ̀ dé 25. Mo nu awò náà, mo kán AdBlue láti inú gálọ́ọ̀nù tèmi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí sójú rẹ̀, kí n má baà ka ẹ̀sùn sí táǹkì lọ́rùn nígbà tó jẹ́ awò ló ń purọ́. Ìlà náà dúró sí 32.5 géérégé. Mo gbé awò fún un kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Nígbà tí a tú táǹkì náà dà sínú abọ́, ohun tó jáde ń hó bí omi ọṣẹ. AdBlue kì í hó bẹ́ẹ̀. Omi tí wọ́n ń bù fún wáípà ló ń hó bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti rọ omi wáípà sínú gálọ́ọ̀nù AdBlue àtijọ́, ẹlòmíràn sì gbé gálọ́ọ̀nù náà láìgbóòórùn rẹ̀, ó dà á síbi ìdérí búlúù. A fi omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú ṣan táǹkì, a rọ tuntun sí i, a pa kóòdù rẹ́, a gbé ọkọ̀ lọ sórí títì ńlá. Sẹ́ńsọ̀ tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ náà ló ṣì ń lò.

Níbi ọ̀rọ̀ AdBlue yìí, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí oko mọ yúríà, ajílẹ̀ funfun wóróórọ́ tí a ń fi sídìí àgbàdo. Ẹnì kan ti bi mí rí pé ṣé kò ṣeé ṣe kí òun ra àpò kan, kí òun pò ó mọ́ omi fúnra òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Yúríà oko sábà máa ń ní èròjà tí wọ́n fi ń dá a dúró kó má baà dì, ISO 22241 sì ka irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ léèwọ̀: biuret kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún, irin bíi kálísíọ́mù kò sì gbọ́dọ̀ ju ìdajì mìlígíráàmù nínú kílò kan. Omi ẹ̀rọ ilé yín nìkan ti ju ìyẹn lọ fíìfíì. Owó tí ẹ bá fi pamọ́ lórí gálọ́ọ̀nù kan, SCR á gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì fi àrọ onírin bàbà rọ AdBlue, ó ń jẹ bàbà. Ní ti ẹni tó bá ṣèèṣì da dísù síbẹ̀, kó má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Bí pọ́ǹpù bá ti fà á, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ á wú, iṣẹ́ ńlá dé nìyẹn.

DPF náà ní tiẹ̀. Láti mọ bí asẹ́ náà ṣe kún tó, kọ̀ǹpútà ní sẹ́ńsọ̀ kan tí họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ méjì so mọ́, ọ̀kan láti iwájú asẹ́, èkejì láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìtì atẹ́gùn láàárín méjèèjì ló ń kà. Bí mẹkáníìkì bá yọ wọ́n kó lè rí àyè fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, tó wá dá wọn padà ní òdìkejì, ọkọ̀ á máa rò pé èéfín ń ti ìdí sàlẹ́ńsà ṣàn padà bọ̀ wá síwájú. Kọ̀ǹpútà á kọ P2453, pé ohun tí sẹ́ńsọ̀ náà ń sọ kò ṣeé gbàgbọ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìsítáàtì ọkọ̀: ó yẹ kí sìkánà fi òdo hàn, tàbí nǹkan tó sún mọ́ òdo gan-an. Ẹ sítáàtì, ẹ tẹ tìrótù díẹ̀: ó yẹ kí iye náà máa gòkè. Bó bá ń lọ sísàlẹ̀ òdo, ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ni, owó kọ́bọ̀ ni. Bí kò bá sì kúrò ní òdo rárá, ẹ wò ó bóyá họ́ọ̀sì kan ti yọ tàbí ooru ti là á. Ẹni tó bá sọ fún yín pé DPF tuntun ni, kó kọ́kọ́ fi iye méjì yìí hàn yín.

Bí ẹ bá ṣí fílítà atẹ́gùn, ẹ máa rántí sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn atẹ́gùn tó ń wọlé, èyí tó wà lẹ́yìn fílítà. Bí wọ́n bá gbàgbé púlọ́ọ̀gì rẹ̀, P0102 ni, ìyẹn ò ní wàhálà. Èyí tó ń dààmú èèyàn ni ti páìpù tó wà láàárín sẹ́ńsọ̀ yẹn àti tọ́bò, bí wọn kò bá dè é dáadáa. Atẹ́gùn tí wọn kò wọ̀n á máa gba ibẹ̀ wọlé. Kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò pé: ohun tó wọ ẹ́ńjìnnì lápapọ̀, yọ atẹ́gùn tí mo wọ̀n kúrò, ohun tó kù ni èéfín tí EGR dá padà. Ìṣirò náà á wá fi hàn pé EGR ń dá èéfín padà jù, P0402 á tàn, wọ́n á ní kí ẹ ra EGR. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn tọ́bò ni páìpù ti tú, agbára ọkọ̀ á wálẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìró fẹ̀ẹ̀ẹ̀ bí ẹ bá tẹ tìrótù, P0299 á sì dé. Kílíìpù kan ṣoṣo ni. Ẹ fọwọ́ kàn án kí ẹ tó fọwọ́ kan àpò.

Bátìrì ńkọ́? Bí wọ́n bá yọ orí bátìrì, tàbí tí bátìrì bá rọ nígbà tí wọ́n tan iná ọkọ̀ sílẹ̀ nínú gáréèjì, kóòdù lè tò lẹ́sẹẹsẹ bí èrò ọjà, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P, U àti C, gbogbo wọn. Tí ẹ bá rí kóòdù mẹ́wàá tí kò bára tan, tí freeze frame sì fi hàn pé iná mànàmáná ọkọ̀ lọ sílẹ̀, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwádìí tòótọ́.

Mo sọ pé òwe àjẹ́ kò dára láti fi dájọ́. Ibi tí mo ti ń rí i jù ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Awakọ̀ á ní, “Ọ́ìlì tí wọ́n bu ló dí DPF mi.” Ìgbà wo ni wọ́n bù ú? Lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́ ni pé ọ́ìlì ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ tó ní DPF fẹ́ ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré, irú èyí tí ACEA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ní Yúróòpù, ń fi C sí níwájú. Nínú C3, eérú kò gbọ́dọ̀ ju 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú A3/B4 ó lè dé 1.6, ìlọ́po méjì. Ẹ̀rún dúdú máa ń jó dànù bí DPF bá gbóná dé nǹkan bí 600°C. Eérú kì í jó mọ́, ohun tó ti jó tán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ oṣù àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún máìlì ni eérú fi ń pé jọ. Ọ́ìlì burúkú á ba DPF yín jẹ́, kò kàn lè ṣe é láàárín Ẹtì sí Ajé. Bí iná DPF bá tàn lọ́jọ́ kẹta, ẹ wo họ́ọ̀sì, ẹ wo bóyá EGR tàbí nǹkan mìíràn ní kóòdù tó ń dí jíjó náà lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ jíjó bí kóòdù mìíràn bá wà nílẹ̀, bí dísù bá ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, tàbí bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbóná tó.

Kí ẹ sì yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò. Bí ọ́ìlì bá ga ju àmì lọ, ó lè jẹ́ pé wọ́n bù ú jù lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ̀ ti ń gbìyànjú láti jó DPF láì parí rẹ̀, tí dísù tó ń fín sí i ní ìparí sì ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn dísù, ẹ má ṣe máa wa ọkọ̀ náà kiri. Ó yà mí lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ra sìkánà tí wọn ò sì ní yọ ọ̀pá ọ́ìlì.

Òfin ibi tí a wà yìí ò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún 2018, iná ẹ́ńjìnnì tó bá tàn lójú ọkọ̀ dísù tó kọ́kọ́ hàn lójú títì láti oṣù Keje 2008 ti tó láti fi jábọ́ nínú MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún. Bí èéfín tó ṣeé fojú rí bá jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà ọkọ̀ tó ní DPF, ó jábọ́. Ẹni tó bá yọ DPF kúrò lára van tó ń wà lójú títì lè san ìtanràn tó tó £2,500. Ní ti ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ burú ti ń sanwó, tó ti gba gbogbo Lọ́ńdọ̀nù látọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń wò, £12.50 lójúmọ́ ni fún van dísù tí kò bá dé Euro 6. Kò sí kámẹ́rà ULEZ tó ń ka kóòdù. Ṣùgbọ́n Euro 6 yín ló ń yọ yín nínú £12.50 yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín tú u ká nítorí iná kan.

Nígbà tí mo parí, bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn dìde. Ó ní òun fẹ́ fi van òun ránṣẹ́ sí Èkó, ṣé kò ní dáa kí òun yọ gbogbo rẹ̀ kúrò níbí, torí wọn kò lò ó níbẹ̀. Mo ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́ níbí. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ yín bá ṣì wà lójú títì Lọ́ńdọ̀nù, òfin ibí ló wà lórí rẹ̀. Ohun tí ẹ ní láti rò nípa Èkó ni epo àti ooru. Dísù títì níbí kò gbọ́dọ̀ ní súlífọ̀ ju mìlígíráàmù 10 nínú kílò kan, ọkọ̀ yín sì wà fún irú rẹ̀. Súlífọ̀ tó pọ̀ á máa ba ohun tó wà nínú sàlẹ́ńsà yẹn jẹ́ láìdáwọ́ dúró. AdBlue pàápàá kò fẹ́ràn ooru. Ní 25°C ó lè tó oṣù 18 kó tó bàjẹ́. Ní 35°C, oṣù mẹ́fà ni. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n tò sí òòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ má rà á láìfi refractometer wò ó. Bí ẹ kò bá ní lè rí epo tó mọ́ àti AdBlue tó dára níbẹ̀ déédéé, ẹ ta Euro 6 yín níbí, kí ẹ ra ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní SCR lọ sí Èkó. Wọn kò gbà pẹ̀lú mi lórí èyí nínú gbọ̀ngàn náà, ariwo sọ, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Arábìnrin kan tó ń wa van ilé oúnjẹ wá béèrè pé, lẹ́yìn tí a bá ti tún nǹkan ṣe, tí a ti pa kóòdù rẹ́, báwo lòun á ṣe mọ̀ pé ó tán lóòótọ́, kí òun tó san owó tó kù? Mo ní kó má sanwó tán lórí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tó mọ́. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ó gbé ọkọ̀ sórí A2 tàbí M25, kí ó sáré déédéé, kí dísù inú táǹkì kọjá ìdá kan nínú mẹ́rin, kó wá padà sí gáréèjì. Kí wọ́n so sìkánà mọ́ ọn lójú rẹ̀, kí wọ́n ṣí ojú ìwé tó fi àwọn àyẹ̀wò tó ti parí hàn, kí wọ́n sì ṣí ojú ìwé pending. Bí àyẹ̀wò NOx bá ti parí, tí pending sì ṣófo, kó sanwó. Bí àyẹ̀wò náà kò bá tíì parí, kò sẹ́ni tó mọ̀, mẹkáníìkì náà kò mọ̀, kó tún gbé ọkọ̀ náà jáde lọ́la.